Iṣẹ́ àgbàṣe lórí pápá: ohun tí ìrìnàjò Adébáyọ̀ Akinfenwa fi hàn nípa bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà bá ti pé, ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa parí. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn kan nínú wọn a jí láìní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àdéhùn ni ó parí, tí ẹgbẹ́ kò sì fẹ́ ṣe òmíràn. Orúkọ wọn kì í hàn nínú ìròyìn ńlá, nítorí pé wọn kò sí nínú Premier League. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu tàbí ní Lomé kì í sábà fi hàn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kan àwọn òbí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Kò sí àdúgbò kan níbẹ̀ tí àwọn ọmọdé kì í ti í gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹnìkan bá sì wá sọ fún òbí pé òun yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, ọlá àwọn ìràwọ̀ díẹ̀ ni ó máa ń fi hàn án. Kò ní sọ fún un bí ìgbésí ayé àwọn tó kù ṣe rí. Àwọn tó kù yìí ni ó sì pọ̀ jù.

Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ Yorùbá gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún ó lé. Adébáyọ̀ Akinfenwa ni. Atamátàsé ni, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìrìnàjò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ ohun tí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù jẹ́ gan-an.

Àtẹ̀gùn tí ó ní ìpele mẹ́rin

Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà bí àtẹ̀gùn. Lókè pátápátá ni Premier League wà, ẹgbẹ́ 20 ni ó sì wà níbẹ̀. Championship ni ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà League One, lẹ́yìn náà League Two. Ẹgbẹ́ 24 ni ó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Àpapọ̀ gbogbo wọn jẹ́ 92. Lábẹ́ League Two, ọ̀pọ̀ ìpele mìíràn tún wà.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa a gòkè, èyí tí kò bá ṣe dáadáa a sì jábọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ní League Two, ẹgbẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ a máa gòkè tààrà. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀lé wọn a máa bá ara wọn figagbága, kí ẹyọ kan nínú wọn lè gòkè pẹ̀lú. Ìdíje ìgòkè ni èyí. Pápá ńlá Wembley ní London ni wọ́n ti máa ń parí rẹ̀.

Gígòkè àti jíjábọ́ yìí ni ó ń darí owó. Bí ẹgbẹ́ bá jábọ́, owó tó ń wọlé fún un a dínkù. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kékeré kì í fẹ́ ṣe àdéhùn ọlọ́jọ́ gígùn. Ọdún kan tàbí ọdún méjì ni ó wọ́pọ̀. Owó iṣẹ́ pẹ̀lú yàtọ̀ gidigidi. Ohun tí ìràwọ̀ ńlá kan ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan ní Premier League lè ju ohun tí agbábọ́ọ̀lù League Two ń gbà ní ọdún kan gbáko.

Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sì lè ṣubú. Bury ti wà nínú líìgì láti ọdún 1894. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí wàhálà owó. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ níláti wá ibòmíràn lọ.

Àwọn àgbẹ̀ mọ irú iṣẹ́ báyìí. Àgbàṣe ni. Alágbàṣe a máa ro oko olóko. Bí ó bá parí oko náà, a gba owó rẹ̀, a sì gbé ọkọ́ lé èjìká lọ wá oko mìíràn. Ọlọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọn ebè tí ó kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ atamátàsé. Bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá ṣe àṣìṣe, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a tún un ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà fún atamátàsé: góòlù mélòó ni ó gbá wọlé?

Ọmọ London tó lọ ṣiṣẹ́ ní Lithuania

Wọ́n bí Akinfenwa ní London ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1982. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó wà ní ẹgbẹ́ Watford nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí àyè níbẹ̀. Alágbàtà rẹ̀ mọ ọ̀nà dé Lithuania, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní apá àríwá Yúróòpù. Ní ọdún 2001, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba ibẹ̀ lọ láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Atlantas.

Ó pàdé òtútù níbẹ̀, ó sì pàdé ohun tó burú ju òtútù lọ. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òǹwòran kọ orin èébú sí òun lórí pápá nítorí pé òun jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó ronú láti padà sílé. Kò padà. Ó bá ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè Lithuania, ó sì dúró títí di ọdún 2003.

Nígbà tí ó dé láti ibẹ̀, ilẹ̀ Wales ni ó lọ, sí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Barry Town. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì àti ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Wales ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n owó tán lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ní ọdún yẹn kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì túká. Ọmọ ọdún 21 ni Akinfenwa nígbà náà. Ó ti gba ife ní orílẹ̀-èdè méjì, síbẹ̀ kò níṣẹ́.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin kí ọdún tó yípo

Láàárín ọdún 2003 sí 2004, ó kọjá ní Boston United, Leyton Orient, Rushden & Diamonds àti Doncaster Rovers. Ní àwọn ibì kan nínú wọn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá kò tó ìka ọwọ́ kan. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìtàn bọ́ọ̀lù lè fò ọdún yìí kọjá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti le jù. Ọkùnrin kan ń kó ẹrù láti ìlú dé ìlú, ó ń mọ ẹlẹgbẹ́ tuntun, ó ń fi ara rẹ̀ han akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, láìmọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.

Torquay United ni ó kọ́kọ́ fún un ní ọdún kan tó kún. Ó gbá góòlù 14 wọlé nínú líìgì níbẹ̀ ní ọdún 2004 sí 2005. Ẹgbẹ́ náà jábọ́ sí League Two síbẹ̀. Góòlù rẹ̀ kò gba Torquay là, ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà fún òun fúnra rẹ̀. Swansea City, tó wà ní League One, mú un.

Ní Swansea, òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé nínú ìdíje ní pápá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, Swansea na Carlisle ní góòlù 2 sí 1, wọ́n sì gba ife Football League Trophy. Akinfenwa gbá ọ̀kan wọlé nínú méjèèjì. Oṣù méjì kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí Swansea tún dé òpin ìdíje ìgòkè, tí wọ́n sì pàdé Barnsley. Ó di 2 sí 2. Pẹ́nárítì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, ìyẹn kí ẹnìkan dá dúró níwájú amúlé, kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù. Akinfenwa wà lára àwọn tó gbá a, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò sì wọlé. Swansea kò gòkè.

Ní ọdún 2007, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Àdéhùn rẹ̀ parí, ó sì ń wá iṣẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Oṣù kọkànlá ni Millwall tó gbà á, kò sì gbá góòlù kankan wọlé níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ó gba Northampton lọ. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, àárín Northampton àti Gillingham ni ó ń lọ tó ń bọ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ara tí wọ́n ní ó tóbi jù

Ìwọ̀n ara Akinfenwa ju 100 kílò lọ. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó wò ó tí wọ́n sọ pé ó wúwo jù fún bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé kì í sáré bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí wọn kò ní. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù gíga sí i, tí ó kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, kò sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó lè tì í kúrò. Yóò fi àyà gba bọ́ọ̀lù, yóò fi ara dínà, yóò dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi dé. Ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí pápá a máa rọ̀ nígbà òjò, tí bọ́ọ̀lù sì ń gba ojú òfuurufú ju ilẹ̀ lọ, iyebíye ni irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nínú eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ FIFA, wọ́n kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ni agbábọ́ọ̀lù tó lágbára jù lọ. Àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè tí wọn kò gbọ́ orúkọ Northampton rí wá mọ orúkọ rẹ̀. Òun náà lo ànfààní yìí. Ó dá ilé iṣẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ènìyàn ń pè é. Ohun tí wọ́n fi ń bú u ni ó sọ di ọjà. Ó mọ̀ pé ọkọ́ a máa kú lọ́wọ́ alágbàṣe, ó sì ti ń wá iṣẹ́ kejì kí ó tó kú.

Wembley, àti iṣẹ́ tó tún bọ́

Ní ọdún 2014, ó lọ sí AFC Wimbledon. Ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fúnra wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 ni èyí, nígbà tí wọ́n gba àṣẹ láti gbé ẹgbẹ́ wọn àtijọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, Liverpool wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje FA Cup. Liverpool ni Akinfenwa ti fẹ́ràn láti kékeré. Liverpool borí ní 2 sí 1, ṣùgbọ́n òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Wimbledon ní wọlé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2016, Wimbledon pàdé Plymouth Argyle ní Wembley, ní òpin ìdíje ìgòkè. Wimbledon borí ní 2 sí 0. Akinfenwa ni ó fi pẹ́nárítì gbá ìkejì wọlé. Ẹgbẹ́ tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀ gòkè lọ sí League One, gbogbo ènìyàn sì ń jó. Kí ijó tó tán, oníròyìn tẹlifíṣọ̀n bá a sọ̀rọ̀ lórí pápá. Ó sọ fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, bí ọ̀ràn ti rí, òun kò níṣẹ́ mọ́. Ó ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fẹ́ òun kàn sí òun lórí WhatsApp.

Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó sọ. Ó ti pé ọmọ ọdún 34, ó ti gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè ní ọjọ́ náà, síbẹ̀ àdéhùn rẹ̀ ń tán lọ. Ọ̀rọ̀ kan yìí ṣàlàyé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ìpele ìsàlẹ̀ ju ìwé ńlá lọ.

Wycombe Wanderers ni ó gbà á, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Gareth Ainsworth. Ibẹ̀ ni ó pẹ́ sí jù, fún ọdún mẹ́fà. Wycombe gòkè sí League One ní ọdún 2018. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dá líìgì dúró lójijì, ìdíje ìgòkè sì wáyé láìsí òǹwòran. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, Wycombe na Oxford United ní 2 sí 1 ní Wembley. Wọ́n wọ Championship fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ọmọ ọdún 38 ni Akinfenwa, kò sì tíì dé ìpele yẹn rí. Jürgen Klopp, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool nígbà náà, fi fídíò ránṣẹ́ sí i láti kí i.

Ọdún kan péré ni Wycombe lò ní Championship kí wọ́n tó jábọ́, àmì kan ṣoṣo ni ó sì já wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Sunderland na Wycombe ní 2 sí 0 ní Wembley. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn fún Akinfenwa nìyẹn. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ 13, ó sì ti gbá ju góòlù 200 lọ wọlé. Kò gbá bọ́ọ̀lù ní Premier League rí, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà

Àwọn kan lè ka ìtàn yìí kí wọ́n sọ pé ìfaradà ni ó gbé e dé ibẹ̀, pé ọmọ tó bá faradà yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ìfaradà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà. London ni wọ́n bí Akinfenwa sí. Ìgbàkúgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà ní ilé rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wá iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Kò nílò ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ọmọ tó bá ti Benin tàbí Togo lọ kò ní ànfààní yẹn. Bí àdéhùn rẹ̀ bá tán, àkókò ìgbélùú rẹ̀ a máa tán pẹ̀lú rẹ̀.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú àjọ Yúróòpù, òfin yí padà. Ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wá láti òkè òkun. Ẹni tó ti pé ọdún 18 pàápàá níláti ní àmì tó pé. Wọ́n máa ń wo iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ìpele líìgì tí ó ti wá, àti bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ṣe sí. Láti ọdún 2023, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn tí àmì wọn kò pé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ League One tàbí League Two kò lè gba ju ènìyàn 2 lọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní àyè 2 péré kò ní fi ọ̀kan ṣòfò lórí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù Benin tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́rìí sí i. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Rudy Gestede sí, ẹgbẹ́ Metz ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ kí Cardiff tó mú un ní ọdún 2011. Parakou ni wọ́n bí Steve Mounié sí, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti wà ní Faransé. Montpellier ni Huddersfield ti rí i ní ọdún 2017. Kò sí ẹni tó gbé èyíkéyìí nínú wọn láti pápá àdúgbò tààrà lọ sí ẹgbẹ́ kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wọ ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu, tí ó ní òun ti rí àyè fún ọmọ ọdún 16 ní League Two, tí ó sì ń béèrè owó ìwé ìrìnnà, irọ́ ni. Òfin kò gbà á. Òfin FIFA fúnra rẹ̀ kò fàyè gba kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Alágbàtà tòótọ́ ní ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wò. Inú owó iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó ti ń gba tirẹ̀, kì í ṣe inú oko tí bàbá ọmọ tà.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí òbí tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ó béèrè ìwé àdéhùn, kí ó sì wá ẹni tó lè kà á fún un ní èdè tó gbọ́. Kí ó béèrè ọdún mélòó ni, àti ibi tí ọmọ yóò sùn ní ọjọ́ tí àdéhùn bá parí. Kí ó sì béèrè ẹni tí yóò san owó ìwòsàn bí ọmọ bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí ẹni tó wá kò bá lè dáhùn, kí ọmọ máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.